Wọ́n Ní Kí N Wá Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún rí pé "ẹ padà wá lọ́la," tí lọ́la náà kò sì dé títí di òní, ẹ sún mọ́ mi kí n rò fún yín. Ọ̀gá ilé-ìwé gírámà ni mí ní agbègbè Òrò-Àgọ́. Òrò-Àgọ́ ni mo wí o, n kò sọ pé Òrò! Òrò ń bẹ ní tirẹ̀ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, lójú títì tó lọ sí Òmù-Àrán, òun àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀. Àwa wà ní Ìfẹ́lódùn, nínú lọ́hùn-ún, níbi tó jẹ́ pé tí ẹ bá wọ mọ́tò débẹ̀, ìbàdí yín ni yóò ròyìn ọ̀nà fún yín. Ìfẹ́lódùn ọ̀hún náà tún rèé, Ṣàárẹ́ ni wọ́n fi olú ìjọba ìbílẹ̀ wa sí, kí a má baà rí i nítòsí! Gbogbo ìgbà tí mo bá dárúkọ ìlú mi ní yunifásítì tí mo ń lọ, wọn á ní, "Háà, Òrò! Mo mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó." Rárá o, ẹ ò mọ ibẹ̀! Òrò ni lẹ́tà ìgbàwọlé mi gbà lọ, ibẹ̀ ló sì jókòó sí tó ń gbafẹ́ títí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí mi. Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ti ṣìnà kó tó bẹ̀rẹ̀, ṣé irọ́ ló pa tó bá ní ayé ń bá òun jà?

Ohun tí mo lọ kọ́ gan-an ni ẹ ó fi mọ̀ pé ẹjọ́ mi kì í ṣe kékeré. Oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣàkóso ilé-ìwé ni. Èmi tí mo ti ń ṣàkóso ilé-ìwé! Èmi tí mo ń dé ọgbà kí ẹnikẹ́ni tó dé, tí mo ń lé ewúrẹ́ jáde ní kíláàsì JS 2, tí mo ń parí ìjà láàárín olùkọ́ ìṣirò àti olùkọ́ bàọ́lọ́jì lórí ẹfun ìkọ̀wé, tí mo ń fi owó àpò mi ra rẹ́jísítà, tí mo ń bẹ bàbá kan pé kó jọ̀ọ́, kó ṣe sùúrù, kó má tíì mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sóko nígbà tí WAEC ti ku fẹ́ẹ́fẹ́; èmi yìí náà ni wọ́n ní kí n wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohun kan ṣoṣo tó ti darí rí láyé kò ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ lọ máa kọ́ mi ní bí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀. Mo sì jókòó. Mo tún ń kọ ọ́ sínú ìwé!

Ẹ ní kí ló gbé mi débẹ̀? Omi ni. Omi tútù. Níbi ìpàdé àwa ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn tó ti gba "Ọ̀mọ̀wé" ni wọ́n máa ń pè sórí tábìlì iwájú, wọ́n á gbé omi inú ike síwájú wọn, èyí tó tutù tó ń làágùn, pẹ̀lú míìtì páì nínú àwo. Àwa yòókù ńkọ́? Omi inú ọ̀rá ni, tí oòrùn ti sè nínú búùtù mọ́tò láti àárọ̀, a ó fi eyín ya etí rẹ̀, yóò tú sí wa láyà, a ó sì ní a dúpẹ́. Ọkùnrin kan tí èmi àti ẹ̀ jọ ṣe NCE, tó jẹ́ pé inú ìwé mi ló ti ń dà á kọ, orí tábìlì iwájú ló wà! Ìgbà tí alága ìpàdé wá kí "àwọn ọ̀mọ̀wé wa àti ẹ̀yin yòókù," mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí i pé èmi ni ẹ̀yin yòókù. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gba fọ́ọ̀mù.

Ẹ gbọ́ èyí, kí inú lè bí yín bó ṣe ń bí mi. Owó ń bẹ nílẹ̀ yìí fún àwọn tó ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé. TETFund, tí wọ́n ṣe òfin rẹ̀ ní 2011, máa ń gbé owó kalẹ̀ fún olùkọ́ yunifásítì, ti pólì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba. Wọ́n á fi kàwé nílé, àwọn kan ti fi kàwé lókè òkun rí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìkan ni òfin náà mọ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń kọ́ni ní bí a ṣe ń darí ilé-ìwé gírámà lè rí owó gbà láti lọ kàwé kún ìwé lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń darí ilé-ìwé gírámà náà gan-an, tó ń gbọ́ òórùn rẹ̀, tó ń jẹ iyanrìn rẹ̀, kó lọ yá owó ní kọpuréétíìfù! Họ́wù! Bí mo bá wá gba oyè náà tán ńkọ́, ṣé owó oṣù mi á gbéra? Mo ti yẹ ìwé owó oṣù mi wò níwájú, mo yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn, mo gbé e sókè sí iná. Kò síbi tí wọ́n kọ "ti ọ̀mọ̀wé" sí níbẹ̀. Ohun tó máa yí padà kò ju pátákó ẹnu ọ́fíìsì mi lọ, èmi náà ni n ó sì sanwó fún ẹni tó máa kùn ún.

Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni wọ́n fi kíláàsì wa sí, wọ́n ní nítorí àwa tí a níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Ta ló sọ fún wọn pé ilé-ìwé gírámà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì? Ẹni tó bá ń ti Òrò-Àgọ́ bọ̀ tó fẹ́ bá kíláàsì òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò nílé, yóò di iṣu sínú àpò fún ìbátan tó ń gbé e sí, nítorí ìbátan ìgboro òde òní kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó gbé ìwé nìkan dání. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa dáadáa ni pé ọ̀gá tó mọṣẹ́ máa ń wà nítòsí, ojú òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń tó o, ojú rẹ̀ sì máa ń tó wọn. Wọ́n ń sọ èyí lọ́wọ́ ni fóònù mi ń gbọ̀n nínú àpò. Igbákejì mi ni. Ó ní ìjì ti ká páànù orí SS 1, ó ti gbé e lọ sínú oko iṣu ẹnìkan, onítọ̀hún ti gbà á, ó ní òun kò ní í dá a padà àfi tí ilé-ìwé bá san owó ebè tí páànù fọ́, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní àwọn kò ní kọ́bọ̀ tí àwọn máa san fún ebè, àwọn ọmọ SS 1 sì ti kó àga wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn kan ti bá ibẹ̀ gun máńgòrò lọ, kí wá ni kí òun ṣe? Mo rọra sọ sínú fóònù pé kó ní sùúrù díẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ́ wa lọ́wọ́ báyìí. Olùkọ́ wò mí láti iwájú, ó ní ẹni tí kò lè pa fóònù rẹ̀ fún wákàtí kan, báwo ni yóò ṣe darí ilé-ìwé? Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àwọn tí páànù tiwọn ṣì wà lórí ilé!

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Orí Kejì. Ẹni tí kò bá tíì kọ Orí Kejì rí, kó dọ̀bálẹ̀ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti máa ń ka ohun tí gbogbo ayé ti sọ lórí ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n tó gbà fún wa láti sọ tiwa, wọn kì í sì í gbà. Gbólóhùn kan péré ni mo ti inú ara mi kọ síbẹ̀. Mo ní láwọn ilé-ìwé abúlé, bí òjò bá ṣú láàárọ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá. Ìwé náà padà sọ́wọ́ mi, bíírò pupa ti yí gbólóhùn ọ̀hún po, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ta ló sọ?" Ẹ gbà mí o! Èmi ni mo sọ! Èmi tí mo ń dúró lójú fèrèsé, tí mo ń ka orí wọn bí wọ́n ti ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpò ìrẹsì tí wọ́n dà borí! Supáfáísọ̀ mi ní èrò ara mi nìyẹn, kì í ṣe ìmọ̀. Kí n lọ wá ẹni tó sọ ọ́ wá. Mo wá a. Mo sun dátà, mo sun sùúrù, mo gun òkè lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, títí mo fi rí ọ̀gbẹ́ni kan tó kọ ọ́ sínú jọ́nà pé òjò máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró sílé ní Gúúsù Kwárà. Mo yọ̀, mo fò sókè. Mo wá ka iṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀ kí n lè mọ bí òun ṣe mọ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ni òun fún ní ìwé ìbéèrè. Mo wo ọdún tó ṣe é, mo wo àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó dé, ni mo bá rántí ọmọkùnrin kan tó gun ọ̀kadà wá bá mi ní ọ́fíìsì pẹ̀lú ìdì ìwé lábíyá, tí mo tún bu omi fún mu. Háà! Èmi ni mo sọ fún un! Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni! Ó gbé e lọ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó di ìmọ̀, èmi wá ń tọ́ka sí i nínú àkámọ́ pé gẹ́gẹ́ bí ọmọ yìí ti là á yé wa. Supáfáísọ̀ mi fi àmì pé ó dára síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀ o. Wọ́n ní ìwé tí a bá tọ́ka sí kò gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ, kí ìmọ̀ lè jẹ́ tuntun. Mo kó àwọn tuntun jọ, mo tò wọ́n, wọ́n ń dán. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù 8 gbáko! N kò bá wọn jà, owó oṣù wọn ni wọ́n ń jà fún, ta ni kò mọ ebi? Ṣùgbọ́n kí ni ìwé mi ṣe? Àwọn tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí wọ́n tilẹ̀kùn yunifásítì ti darúgbó nígbà tí wọ́n ṣí i. Wọ́n fi bíírò pupa pa wọ́n rẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, "ó ti pẹ́ jù, ó ti pẹ́ jù," èmi náà tún gun òkè nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà.

Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun àtijọ́ ni wọ́n kórìíra, n ì bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ní dandan ni kí n fi síbẹ̀! Ní 1939, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kurt Lewin, òun àti Lippitt àti White, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Iowa, l'Amẹ́ríkà. 1939 kò tíì pẹ́ jù! Ẹ wá bi mí pé ọ̀gá ilé-ìwé mélòó ni wọ́n wádìí níbẹ̀. Ẹyọ kan kò sí. Àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún 10 ni wọ́n kó jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe ìbòjú. Wọ́n fi àgbàlagbà kan ṣe olórí wọn tó ń pàṣẹ wàá, wọ́n fi òmíràn ṣe olórí tó ń bá wọn fikùn lukùn, wọ́n fi òmíràn ṣe olórí tó ń ká ọwọ́ gbera tó ní kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n, wọ́n wá ń ṣọ́ bí àwọn ọmọ náà ṣe ń hùwà. Láti ibẹ̀ ni irú ọ̀gá mẹ́ta tí wọ́n ní kí a pín gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé sí ti jáde wá, títí kan èmi, títí kan ẹni tó wà níwájú mi, títí kan ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ̀yìn tì ní Òmù-Àrán! Ọmọdé ṣe ìbòjú ní Iowa, èmi ń jẹ́jọ́ rẹ̀ ní Òrò-Àgọ́. Tó bá tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bojú ni, kí ni wọ́n ń wá lọ sí Iowa? Ṣé wọn ò gbọ́ orúkọ Igbómìnà ni, àwa tí a ni egúngún Ẹlẹ́wẹ́? Kí wọ́n wá wo bí àgbà ọjẹ̀ ṣe ń darí atọ́kùn, onílù, oníjó àti àwọn ọmọ ẹlẹ́gba níbi tí gbogbo wọn ti ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. N kò rí ẹni tó gbé ìwé ìbéèrè fún àgbà ọjẹ̀ rí. Ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i.

Bí a bá ń sọ ti ìdúró ńkọ́? Supáfáísọ̀ mi á ní kí n wá ní aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́sàn-án á lù, akọ̀wé á ní wọ́n wà nípàdé. Ọ̀sán á pọ́n, akọ̀wé á ní wọ́n ti ìpàdé gba ibi ìsìnkú lọ. Akọ̀wé náà ò ní í wò mí lójú. Ẹ̀pà ló ń bó. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Èsìẹ́ rí, ẹ ti rí àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀ lọ súà, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí. Ìtàn ní àlejò ni wọ́n, wọ́n wá sílùú, ni wọ́n bá di òkúta. Ní 1933, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ramshaw ló ròyìn wọn fún ayé, nígbà tó di 1945 wọ́n ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ sì mọ iṣẹ́ Ramshaw yìí? Alábẹ̀wò ilé-ìwé ni, fún ìjọ CMS! Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti yanjú? Kí ni alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bá kiri bí kì í bá ṣe ọ̀gá ilé-ìwé tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́? Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé tó lọ dúró de supáfáísọ̀ ni wọ́n, ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n gan sí. Èmi náà, ọjọ́ tí mo bá ti rí i pé n kò lè yí ọrùn mọ́ lórí bẹ́ńṣì yẹn, kí wọ́n gbé mi lọ sí Èsìẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà ibẹ̀ tiẹ̀ dára ju tiwa lọ.

Ẹni tó bà á jẹ́ fún wa jù lọ náà ni Babs Fafunwa, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Bàbá yìí gba oyè àkọ́kọ́ ní 1950, ó gba ti másítà ní 1951, ó gba ti ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì New York ní 1955. Kíá, kíá, kíá! Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yẹn ni ń bi mí pé kí ló ń dá tèmi dúró. Ìyá ìyàwó mi gan-an, tí kò mọ Fafunwa yàtọ̀ sí Fadípẹ̀, ó ní ṣebí ọkùnrin kan ṣe é tán kíá láyé àtijọ́ tí kò tiẹ̀ sí fóònù. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ bàbá náà tilẹ̀ nìyí: nígbà tó dé Ifẹ̀, inú ilé-ìwé ló wọ̀. Ní 1970, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì àkọ́kọ́ dé ìkẹfà. Ọmọ gidi ń bẹ níbẹ̀, olùkọ́ ń bẹ níbẹ̀, wọ́n kọ ìwé kíkà tuntun fún wọn, wọ́n sì fi àbájáde rẹ̀ wé ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìwádìí nìyẹn! Tèmi ńkọ́? Kí ọ̀gá ilé-ìwé fi àmì sí ọ̀kan nínú àpótí márùn-ún: mo gbà gan-an, mo gbà, n kò mọ̀, n kò gbà, n kò gbà rárá. Kí ilé-ìwé tèmi má sì sí nínú ẹ̀, wọ́n ní n ó ṣe ojúsàájú. Páànù kan wà nínú oko iṣu tí n kò lè kọ ọ̀rọ̀ kan lé lórí nítorí pé mo mọ̀ nípa rẹ̀ jù!

L'Amẹ́ríkà, Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé ní oyè ọ̀mọ̀wé ti iṣẹ́ tiwọn, Ed.D., ní 1921. Wọ́n jà lórí oyè náà débi pé ní 2005, Arthur Levine, ẹni tó jẹ́ ààrẹ Teachers College ní Columbia nígbà náà, gbé ìròyìn jáde pé ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kò ṣe dáadáa, kí wọ́n tilẹ̀ gbé Ed.D. jù sígbó. Nígbà tó di 2007, àwọn yunifásítì kan para pọ̀ láti tún un ṣe, wọ́n ní kí ọ̀gá ilé-ìwé mú ìṣòro tó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó fi ṣe ìwádìí, kó sì wá ojútùú sí i. Ẹ gbọ́ o, ìṣòro ibi iṣẹ́ rẹ̀! Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá supáfáísọ̀ mi tìdùnnú-tìdùnnú. Ó wò mí títí, ó ní, "Ta ló sọ?" Mo ní àwọn Amẹ́ríkà ni. Ó ní ọdún wo? Mo ní 2007. Ó ní ó ti pẹ́ jù.

Ṣé nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó ní kí n ti rí ìsinmi? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò tíì parí Orí Kẹta tí wọ́n ti ń pè mí ní "Dókítà lọ́la." Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Ọjọ́ ìkórè dé, wọ́n ń pe àwọn èèyàn jáde ní ìpele ìpele: àwọn àgbẹ̀, ẹ mú tiyín wá, àwọn olùkọ́, ẹ mú tiyín wá. Mo ti dìde pẹ̀lú àwọn olùkọ́, mo ti ká owó mi sínú àpò ìwé wẹ́rẹ́, ni wọ́n bá ní kí Dókítà lọ́la padà jókòó ná, ti àwọn lọ́yà àti dókítà ń bọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ bá mi rẹ́rìn-ín! Mo bá lọ́yà tó ti Ìlọrin wá jáde, òun ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ sínú maikrofóònù, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè, wọ́n wá gbé maikrofóònù náà sí mi lẹ́nu. Owó ilé-ìwé sáà tó ń bọ̀ ló bá orin lọ lọ́jọ́ yẹn. Oyè kò tíì dé, owó orí oyè ti ń lọ.

Ìyàwó mi ò bá mi jà, ẹ̀rín ló ń fi mí rín, èyí tó burú ju ìjà lọ. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan wà l'Oǹdó, NIEPA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992 nítorí àwọn tó ń ṣètò tó sì ń ṣàkóso ẹ̀kọ́, kí ló dé tí n kò lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́ níbẹ̀ kí n padà wá jẹ iyán mi? Mo ní ṣé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́ ni wọ́n fi ń gbé omi inú ike síwájú èèyàn ni? Ní 2022 tí ASUU yanṣẹ́ lódì yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pé kí olùkọ́ máa fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 65 dípò 60, tàbí kó lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́ dípò 35. Ó gbọ́ ọ nínú rédíò, ó pa ọbẹ̀ tì, ó wá bá mi ní pálọ̀. Ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ kú oríire, wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ yín l'Ábújá, wọ́n ti sún ọjọ́ síwájú kí ẹ lè rí i parí."

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ó nídìí tí mo fi ń kígbe. Àwọn ìwé ìbéèrè tí mo pín ní ilé-ìwé jákèjádò Gúúsù Kwárà, ẹ mọ ibi tí mo ti bá púpọ̀ nínú wọn? Abẹ́ igò omi lórí tábìlì àwọn ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀kan fi tiẹ̀ wé gúgúrú. Àwọn tó dáhùn, igbákejì ló bá wọn dáhùn, igbákejì sì gbé e fún kọ́pà, kọ́pà tó dé ìlú náà lóṣù tó kọjá ló ń sọ fún mi bí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe ń ronú! N kò lè bínú, nítorí ọ́fíìsì tèmi náà kún fún tiwọn. Gbogbo wa ló ń kàwé lórí gbogbo wa. Ọ̀gá ilé-ìwé ń bi ọ̀gá ilé-ìwé pé irú ọ̀gá wo ni, tèmi wà lábẹ́ igò omi tirẹ̀, tirẹ̀ wà lábẹ́ igò omi tèmi, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó wà ní ilé-ìwé lọ́jọ́ Ẹtì.

Lálẹ́ àná, fóònù mi dún. Ọmọ kan tó ti ṣe olùkọ́ lábẹ́ mi ni, èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé àyè rẹ̀ nígbà tó fẹ́ lọ kàwé sí i, lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi tipẹ́. Ó ní òun ti fẹ́ parí, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe òun fún ìdánwò àṣekágbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí n bá òun fi ìṣẹ́jú péréte dáhùn àwọn ìbéèrè òun lórí fóònù. Ó fi líǹkì ránṣẹ́. Mo ṣí i. Orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni bí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé gírámà ṣe ń lo àkókò wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́: "Mo máa ń rí àkókò tó tó fún ilé-ìwé mi àti fún ìdílé mi." Mo tẹ n kò gbà rárá. Ó ní kí n ṣàlàyé, ó fi àmì pupa sí i pé dandan ni. Mo ṣàlàyé! Mo kọ ọ́ láti orí lẹ́tà tó ṣìnà lọ sí Òrò títí dé orí páànù, mo kọ ọ́ débi tí àpótí ìdáhùn náà kò gbà mọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo wá tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀ láti fi í ránṣẹ́. Ó ń yí, ó ń yí, ó ń yí. Dátà ti tán. Mo bẹ ìyàwó mi kó jọ̀ọ́, kó tan tirẹ̀ sí mi. Ó wo ojú fóònù mi, ó wo ojú mi, ó ní ṣé dátà tí òun fi ń ta gààrí ni kí òun fi sọ ọmọ ẹlẹ́ni di ọ̀mọ̀wé ṣáájú ọkọ òun?